Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kun Ojú Dísìkì

Omi ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kí irin gbádùn. Ní Tokpota níbi tí à ń gbé, bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan láti ọjọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpẹtà á ti bo dísìkì ìjánu rẹ̀, ìyẹn àwo irin tó máa ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Ọkọ̀ bàbá mi kì í sì í jáde àfi lọ́jọ́ Ìsinmi, tó bá fẹ́ gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn òbí mi ń lọ, ẹni tó bá sì ti wọ sutánà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ bàtà, ilẹ̀ ì báà gbóná bí agbada àkàrà. Orúnkún ìyá mi ò jẹ́ kí wọ́n lè gun alùpùpù zémì mọ́. Láìsí ọkọ̀ yẹn, ilé ni wọn ì bá ti máa gbàdúrà.

Ìdí nìyí tí bàbá mi fi ń kun ìjánu lọ́dọọdún kí òjò tó dé. Awakọ̀ ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n bá sì ti kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi kíríìkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á tú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tó wà níwájú, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà dànù, wọ́n á fi epo ẹ́sáǹsì nù ún mọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tó ń gba ooru ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi kun àárín dísìkì àti etí rẹ̀, wọ́n á sì fi kun étríyé, ìyẹn irin tó gbá dísìkì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú dísìkì fúnra rẹ̀, níbi tí ìjánu ti ń fún un, ọ̀dà ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Bó bá kàn án, ìjánu á máa yọ̀ ni. Nítorí náà, bàbá mi mú fọ́tò àyà wọn kan tí wọ́n yà ní ọsibítù, èyí tó dà bí ike dúdú yẹn, wọ́n gé e róbótó bí òrùka ńlá. Òun ni wọ́n fi ń bo ojú dísìkì kí wọ́n tó kùn ún. Egungun ìhà wọn ṣì hàn lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn étríyé ni iṣẹ́ tèmi, torí ibẹ̀ há. Bàbá mi á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, kí n wá fi tèmi wọ kèrègbè. Mo ti lé lógójì ọdún o, mo ń ṣiṣẹ́ bíróò, mo sì ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, ọmọdé ni mí. Wọn ò jẹ́ kí n wà á rí, ó sì máa ń bí mi nínú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá òpó géètì wa. Wọ́n béèrè ẹni tó sún òpó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní oríta Houinmè, wọn ò rí ẹni tó ń bọ̀ lórí zémì títí ìyá mi fi kígbe. Ìyá mi sọ fún àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kùtọnu, ni ó bá fóònù mi pé kí n gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Mo ní kó wá gbé e pamọ́ fúnra rẹ̀, ṣé ẹnu nìkan ló mọ̀ ọ́n lò ni. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi. Wọ́n ní kó máa bọ̀, pé ẹni tó bá lójú tó fi ń kun ìjánu, ó lójú láti wakọ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé bí ọ̀dà bá kan ojú dísìkì, àwọn á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, torí ẹ̀gbẹ́ wọn ni ìyá mi máa ń jókòó sí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú òrùka fọ́tò wá, wọ́n ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká rí i pé àwọn ò nílò rẹ̀. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Wọ́n kun étríyé ọwọ́ òsì dáadáa débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá à ń fẹjọ́ wọn sùn lásán ni. Wọ́n wá bọ́ sórí dísìkì. Búrọ́ọ̀ṣì kun àárín, ó kun etí, ó sì wọ ojú rẹ̀ lọ yíká pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí ẹni ń kun ògiri. Mo wo ìyá mi tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Ìrẹsì ni wọ́n ń wò.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti kun ojú dísìkì."

"Irin ló ń dán yẹn."

Ká sòótọ́, irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha àti ọ̀dà yẹn jọra. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e wá sójú, wọ́n tún gbé e sún mọ́ ọn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí. Àánú wọn ṣe mí, ó sì dùn mí pé ẹnu mi ló ti jáde.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé ẹ́sáǹsì àti àkísà wá. Mo fẹ́ bá wọn nù ún, wọ́n kọ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí ọ̀dà kù sí. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹyọ ọ̀dà kan lójú dísìkì yẹn. Ti ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ní kí n kùn ún. Mo fi òrùka bò ó, mo kùn ún, a sì dá àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n ń lọ síwájú ọkọ̀ bí ìṣe wọn. Bàbá mi ní kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọn ò wò mí.

"Má tẹ ìjánu rẹ̀ lójijì," ni wọ́n wí.

Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì wa ọkọ̀ náà jáde, àbúrò mi ò tíì kúrò ní Kùtọnu. Gbogbo oríta tí a dé, kí n tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi á ti tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú wọn, níbi tí kò sí nǹkan kan. Mi ò sọ pé mo rí i. Bí wọ́n bá ti tẹ tiwọn, èmi náà á tẹ tèmi.