Máàpù Tí Kò Ṣí ní Oǹdó

Ara Ọmọ́wùnmí Kìtán, obìnrin tó ń ya máàpù ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, kò balẹ̀ rárá. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí Oǹdó láti fi ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà han àwọn onílé àdúgbò kan. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ń wò ó, àmọ́ máàpù kò ṣí. Ó yí ìparí orúkọ fáìlì náà padà, pàbó ló já sí. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ló bá pe Adépọ̀jù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, lórí fóònù.

"Fáìlì wo lo kó sínú fláàṣì tó o mú lọ síbẹ̀?" ni Adépọ̀jù bi í.

"Èyí tó parí sí .shp nìkan."

"Kò lè dá ṣí. Àwòrán ìlà nìkan ló wà nínú ìyẹn. Ó kù .shx tó ń tọ́ka sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà, àti .dbf tó ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, inú àpò fáìlì kan náà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Mò ń fi wọ́n ránṣẹ́."

Bí àwọn fáìlì náà ṣe dé, tó kó wọn pọ̀, máàpù ṣí. Ìyá àgbà kan na ìka sí ibi tí ìlà àgbàrá ti gba àárín ilé rẹ̀ kọjá.

"Ọmọ mi, níbo la ó wá kó lọ?"