Igbe Iwin Lẹ́yìn Ògiri

Tí mo bá ti gbọ́ agogo àdúrà, inú á bí mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Màmá Ireland là ń pe ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àdúgbò Thames View nílùú òyìnbó. Á fún mi ní búrẹ́dì gbígbóná, á sì máa sọ fún mi pé òrìṣà làwọn iwin ilẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ènìyàn ṣẹ́gun wọn, wọ́n sá wọ abẹ́ òkè. Obìnrin kan nínú wọn a máa ké bí ẹnì kan bá fẹ́ kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ igbe lẹ́yìn ògiri. Mo sáré bá Mọ́mì. “Iwin tí Màmá Ireland sọ ló ń ké!”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹnikẹ́ni ò ní kú nínú ilé yìí!”

Mọ́mì ń mi agogo, ó ń wọ́n omi àdúrà sára ògiri, èéfín tùràrí ń ta mí lójú. Ó ní kí n kọrin sókè. A kọ ọ́ títí igbe náà fi dákẹ́.

“A ti ṣẹ́gun,” ni Mọ́mì wí.

Nígbà tí wọ́n bá òkú Màmá Ireland ní kíṣìnnì rẹ̀ la tó mọ̀ pé òun ló ṣubú, tó ń pè wá.

Mọ́mì mọ̀. Síbẹ̀, ó tún jẹ́rìí ìṣẹ́gun yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè tó kọjá, ó ní kí n wá bá òun kọ orin náà.

“Orin wo, Mọ́mì? Èyí tá a fi bo igbe ẹni tó ń kú mọ́lẹ̀?”