Àpótí Tó Lé Ìjọ Sínú Kòtò

Ọjọ́ Sunday kan lọ́dún 1969 ni olóògbé Solomon Àríyọ̀ fi orin ìyìn lé odidi ìjọ jáde. Ogun ṣì ń jà. Ìjọba àpapọ̀ ti gba Pọ́tákọ́ọ̀tù, àmọ́ bàlúù Bìáfúrà ṣì máa ń yọ lójijì láti ju bọ́ǹbù, etí kan ni gbogbo ìlú fi ń sùn. Bí Àríyọ̀ ṣe tẹ ọ́gáànù báyìí, ohùn kan bẹ̀rẹ̀: wúù-wúù-wúù.

"Plane don come o!" ni ẹnì kan ké.

Kó tó tẹ ìlà kejì tán, àlùfáà fúnra rẹ̀ ti wà nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún ìsápamọ́. Àríyọ̀ yọrí lójú fèrèsé, inú ń bí i. "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ibi tó dùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀!"

Rédíò ló ń tún ṣe ní Rumuokwuta, ní Pọ́tákọ́ọ̀tù níbẹ̀. Ọ́gáànù ṣọ́ọ̀ṣì ń bí i nínú, torí ohùn rẹ̀ le gbagidi bí igi. Atukọ̀ kan sọ fún un pé lókè òkun, àpótí kan wà tó máa ń yí ohùn ọ́gáànù po títí á fi máa gbọ̀n. Kí ọjọ́ Sunday yẹn tó dé, Àríyọ̀ ti kan àpótí pákó, ó da ojú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọ́gáànù náà dé sínú rẹ̀, ó gbé páànù kẹrosíìnì tó lu ní ẹ̀gbẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi rọ́bà so páànù náà mọ́ mọ́tò fáànù kó lè máa yí po. Bí ihò páànù bá kọjú sí èèyàn, ohùn á lé sókè. Bó bá kẹ̀yìn, á rọlẹ̀. Nọ́ńbà kìíní fáànù náà wà fún àdúrà, nọ́ńbà kẹta tó yára jù fún ìyìn.

"Bàbá Boma, fáànù mi dà?" ni Ibiere ìyàwó rẹ̀ bi í, òógùn ń ro lójú rẹ̀.

"Ó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin."

Ní ọ̀sán Sunday yẹn kan náà, sájẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Àkíbù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ṣójà méjì, ó bá tọkọtìyàwó náà níbẹ̀. Ṣójà méjèèjì dúró síta. Nígbà yẹn, wọ́n lè mú èèyàn lọ fún ìbéèrè kó má padà wálé mọ́.

"Who be the man wey dey use box call plane?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàsán."

Sájẹ́ńtì gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà níbẹ̀? Wáyálẹ̀ẹ̀sì?"

"Páànù kẹrosíìnì ni, sà, àti fáànù ìyàwó mi."

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣeré ni?" Ó na ìbọn sí i.

Ibiere kúnlẹ̀. "Oga, abeg! Na only music dey worry am!"

"Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́."

Àríyọ̀ jókòó sídìí ọ́gáànù. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ó bojú wẹ̀yìn. "Sájẹ́ńtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Ohùn kì í dáa níbẹ̀ yẹn." Ibiere di ojú rẹ̀, ó ń retí ìró ìbọn.

Sájẹ́ńtì sún.

Nọ́ńbà kìíní ló kọ́kọ́ fi sí. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí omi etí òkun. Sájẹ́ńtì rọra gbé ìbọn sílẹ̀. "Nọ́ńbà yòókù ńkọ́?" Àríyọ̀ yí i sí ìkẹta. Wúù-wúù-wúù! Àwọn ṣójà méjèèjì tó wà níta ti bẹ́ sínú kòtò.

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, kẹ́ ẹ tó tún fi sí ìkẹta, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wa ní bárékè!"

Ogun parí ní January 1970. Kí ọdún náà tó tán, ibà pa Àríyọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tẹ ọ́gáànù, ẹnu lásán ni ìjọ fi kọrin. Cecilia tó ń dá orin gbé e sókè jù, ohùn rẹ̀ há. "Ká ní Bàbá Boma gbọ́ èyí ni," lẹnì kan sọ, "ì bá ti lé ẹ jáde." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ibiere náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé èjìká Cecilia.

"Tún un dá," ni Ibiere wí nígbà tó ṣe. "Rọra mú un."

Cecilia rọra mú un, ní ìsàlẹ̀, gbogbo wọn sì gbè é títí dé òpin.