Wọ́n Ń Dúpẹ́ Pé Ó Dákẹ́

Iṣẹ́ ẹni méjì ni kíká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ní òun lè dá a ṣe, ẹ jẹ́ kó dán an wò pẹ̀lú aṣọ òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ ju yàrá ẹlòmíì lọ, kí ẹ wá wo bó ṣe máa wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnì kan á di etí méjì mú níhìn-ín, ẹnì kejì á di etí méjì mú lọ́hùn-ún. Wọ́n á fà á kó le, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á sì rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fà sẹ́yìn. Irinwó aṣọ lóòjọ́. Kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣe é tí o ò ní rí ojú ẹni tó wà níwájú rẹ, àwọn àgbà sì ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin tí mò ń sọ yìí ti fi ká aṣọ nílé ìfọṣọ ńlá kan. Agogo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́jọ ló ń pariwo pọ̀ nínú ilé yẹn, síbẹ̀ bí Agogo bá ń bú dírẹ́bà lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹjọ á ti máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin kúkúrú ni, ó lẹ́nu, ó sì mọ èébú bí ẹni tó lọ kọ́ ọ níléèwé tó sì gba ìwé ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, torí èébú rẹ̀ kì í ní oró nínú.

Ọdún tó kọjá ni àìsàn dé. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fojú kan oorun, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó kó àga àti tábìlì ilé rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, ó ní àwọn tuntun ń bọ̀ láti òkè òkun. Nígbà tó débi iṣẹ́, ó gun orí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, ó pín ipò tuntun fún gbogbo èèyàn: dírẹ́bà di máníjà, máníjà di ẹni tí yóò máa sá aṣọ, òun fúnra rẹ̀ di ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ìgbà tó di pé ó ń ju aṣọ tútù lu ẹni tó bá kọ ipò, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Olùkọ́ ni, ẹni tó fi orúkọ rere ṣáájú ohun gbogbo láyé. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sọ́sibítù. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, dókítà pe ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ṣàlàyé pé àìsàn yìí máa ń gbé ọkàn èèyàn lọ sókè kọjá ààlà, pé ó sì máa ń já a lulẹ̀ kọjá ààlà, àti pé ìgbà tó bá já a lulẹ̀ gan-an ló yẹ kí ilé ṣọ́ ọ jù. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rí lórí tábìlì ọjọ́sí ló kún ojú rẹ̀, kò sí àyè fún ohun mìíràn níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló bá a délé.

Ó mú àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, níbi tí òun àti ìyá wọn ń gbé. Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n o. Yàrá tó ní fèrèsé ńlá ni wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra oògùn, ìyá ló ń se oúnjẹ tó gbóná fún un. Fún àwọn aládùúgbò, wọ́n ní ó lọ kọ́ṣẹ́ níbìkan ni, ó ti dé. Ohun kan péré ni wọ́n ń bẹ̀rù, ìyẹn ni ariwo. Bí Agogo bá gbọ́ àwàdà lórí rédíò tó rẹ́rìn-ín, ìyá á ti ilé ìdáná jáde, á máa nu ọwọ́, á ní, ṣé o ti lo oògùn rẹ lónìí? Bó bá ní kí ẹni tó lo táwẹ́ẹ̀lì òun má lò ó mọ́, ẹ̀gbọ́n á gbé bírò sílẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo omi tó fẹ́ hó dànù. Ẹ wò ó, èmi bínú lẹ́ẹ̀mẹta lánàá, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè oògùn. Ṣùgbọ́n ti Agogo ti di àmì àìsàn, àtìbínú àtẹ̀rín.

Máníjà gbà á padà síṣẹ́, ó ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn yòókù ni ẹ̀rù ń bà. Wọ́n ya ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀, bí ẹni pé ọkàn tó dàrú máa ń ranni. Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé òwú kúrò lórí tábìlì, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ máníjà, gbogbo wọn wá ń fi eyín gé òwú, títí kan àwọn tó dá àbá náà. Ìgbà mìíràn á gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ, wọ́n á sì pa ẹnu dé bó bá wọlé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ká aṣọ tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó ti lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹlòmíì tí wọ́n fi síbẹ̀ ní apá ń dun òun. Níkẹyìn máníjà mú ọkùnrin kan láàrin àwọn tó ń lọ aṣọ, ó ní kó lọ di etí kejì mú.

Òpó ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, nítorí gíga. Kì í ṣe ẹni ire tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n yọ òun kúrò, wọn ò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ fún un nílé pé kó má wo obìnrin náà lójú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, aṣọ ni Òpó ń wò. Òun lókè, Agogo nísàlẹ̀, aṣọ náà á dà gẹ̀rẹ́ láàrin wọn bíi páànù orí ilé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sú Òpó. Ó ní aṣọ ń wọ́lẹ̀ nítorí àwọn kan ti kọ̀ láti dàgbà láti ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin. Agogo ò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun ò bá a jà, pé ẹni tó bá ga tó yẹn, ó máa ń pẹ́ kí orí tó gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Òpó bú sẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ni máníjà bá yọ orí lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Àwọn tó ń lọ aṣọ dá ọwọ́ dúró, ojú gbogbo wọn sì wà lára Agogo, kì í ṣe lára ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Agogo rí i. Láti ọjọ́ náà lọ, Òpó lè sọ èyí tó bá wù ú, kò dá a lóhùn mọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, òun ló ń pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹnu náà ò tún fẹ́ ṣí mọ́. Á jí láàárọ̀, á wọ bàtà kan, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìkejì lọ́wọ́ fún bíi wákàtí kan, kò ní ro nǹkan kan. Oúnjẹ di bíi bébà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wẹ̀ torí pé bí kò bá wẹ̀, wọ́n á bi í. Oògùn tí ọsibítù fún un, ó ń lò ó déédéé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó padà lọ rí dókítà ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n ló ní kó má lọ, pé ara rẹ̀ ti yá, kí ni ó tún fẹ́ lọ fara hàn fún? Nígbà tó yá, ó ń rò ó pé bí òun ò bá sí mọ́, ilé náà á túbọ̀ dákẹ́, gbogbo wọn á sì sinmi. Kò sunkún sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn ń rò ó bó ṣe ń ká aṣọ lọ.

Ìgbà yìí gan-an ni wọ́n ń yìn ín. Ìyá pe àwọn mọ̀lẹ́bí lórí fóònù, ó ní ọmọ òun ti bọ̀ sípò, pé èèyàn ò tilẹ̀ lè mọ̀ pé ó wà nílé. Máníjà lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ara ògiri pé òun ni òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa jù lóṣù náà. Ẹ̀gbọ́n ní ní Sátidé, òun máa pe àwọn mọ̀lẹ́bí díẹ̀ wá sílé láti dúpẹ́, torí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Agogo ní, ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún kúnlẹ̀ sí i.

Òpó nìkan ni ara rẹ̀ ò balẹ̀, ẹ má sì sọ pé ìfẹ́ ni. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí wọ́n bú òun kí òun lè bú padà ni, ó sì ti bú ẹnì kan fún oṣù méjì láìrí èsì. Ó bú bàtà rẹ̀, ó bú bí orí rẹ̀ ṣe rí, ó ní ọ̀bọ ló gba ipò kejì lóṣù tó fi gba ipò kìíní. Rárá o. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó mọ̀ọ́mọ̀ ju etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ó sì wọ́ lórí ilẹ̀ tó ní omi. Nílé ìfọṣọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, bàbá Òpó tó ti kú á gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Agogo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó aṣọ náà jọ.

Agogo ní, “Pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ mi ló yọ̀.”

Ẹ̀rù ba Òpó, ẹ̀rù gidi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì, ó wo ojú tó wà ní òdìkejì aṣọ, ó wò ó dáadáa. Ó wá rí i pé kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ tó ń wo òun padà.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kí ló ń ṣe ọ́?”

“Ó rẹ̀ mí.”

“Lọ sùn nígbà náà, màá sọ fún ọ̀gá.”

“Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò.”

Òpó fi aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ bá dírẹ́bà, ó ní kó kó ẹrù òtẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ọkọ̀. Dírẹ́bà bi í pé ta ló pa á láṣẹ. Òpó ní kó bi òun bí àwọn bá dé. Bí wọ́n ṣe gbé Agogo sọ́kọ̀ láàrin àwọn àpò aṣọ ìdọ̀tí tó kù níbẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n lọ sọ́sibítù ní ọ̀sán gangan. Nọ́ọ̀sì tó gba orúkọ bi Òpó pé kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí i. Òpó ní àwọn jọ ń ká aṣọ ni.

Máníjà ti tẹ ẹ̀gbọ́n láago. Òun àti ìyá dé kí wọ́n tó pe Agogo wọlé. Ẹ̀gbọ́n ò pariwo, kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bóyá ẹni tó mọ òun wà níbẹ̀, kó tó kọjú sí Òpó. Ó bi í pé ta ló ní kó gbé ẹni tí ara rẹ̀ le wá síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Pé ọmọ náà ti gbádùn. Pé láti oṣù méjì, kò gbé ohùn sókè rí, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé Sátidé tó ń bọ̀ làwọn fẹ́ dúpẹ́, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ ba ohun tó ti dára jẹ́?

Agogo ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò tilẹ̀ gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo ti ń rò ó láti kú.”

Ìyá wọn di ọwọ́ Agogo mú. “Kí ló dé tí o ò sọ fún wa? Inú ilé kan náà la jọ wà!”

“Ẹ̀ ń dúpẹ́, Màmá,” ni Agogo wí. “Inú yín ń dùn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́.”

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó pè é. Ìyá dìde bá a wọlé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sáàyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpó, ó dojú kọ ilẹ̀. Ó bi Òpó, láìwò ó, pé báwo ló ṣe mọ̀.