Ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀ Bàbá Mi

Wọ́n ti ṣe afárá sórí odò náà báyìí. Mọ́tò ń kọjá lórí rẹ̀ fìrì-fìrì, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò sì mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ dé òdìkejì, àfi kó rí bàbá mi. Ìhà ìhín, orílẹ̀-èdè kan; ìhà ọ̀hún, orílẹ̀-èdè mìíràn; bàbá mi ló ń fi ọkọ̀ pákó tí wọ́n kùn ní búlúù so méjèèjì pọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ṣì máa ń lọ dúró lórí afárá náà nígbà mìíràn, kí n máa wo omi. Ẹ má dá mi lóhùn jàre, àgbà ló ń dé.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì rò ó. Bí ìyá mi bá rọ̀jò ogún ọ̀rọ̀ lé e lórí, bàbá mi á ní, "Hẹn-ẹn." Ìyá mi máa ń sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ọkùnrin lòun fẹ́ tàbí ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tukọ̀ láàárọ̀, tí kùrukùru ṣì wà lójú omi, ó máa ń súfèé. Súfèé yẹn ni mo fi ń jí ní kékeré, ọkàn mi á sì balẹ̀ pé ilé wà nílé.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí a jẹ́ nígbà yẹn. Àwọn elétò ìlera ti wá sí ìlú wa lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú sípíkà lórí mọ́tò. Wọ́n kọ́ wa nípa kòkòrò HIV, a sì há a sórí. Ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà. Abẹ́rẹ́ àti abẹ tí èèyàn méjì jọ lò. Ẹ̀jẹ̀. Ìyá sí ọmọ. Ẹ̀fọn ò lè gbé e, ìfọwọ́bọ̀wọ́ ò lè ràn án, àjọjẹ ò lè ràn án. Ọmọdé ìlú wa lè kà á fún ọ láìmí. Nígbà tó yá, wọ́n kó bébà wá, wọ́n ń bi wá léèrè lójúlé dé ojúlé. "Ṣé ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú abọ́ kan náà?" A lè bá a jẹun! "Ṣé ẹ lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀?" Kí ló dé tí a ò ní rà á! Ẹni tó bá dáhùn tán, wọ́n á fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú wa lóye. Òye wo? Ọṣẹ la fẹ́.

Nítorí pé lẹ́yìn tí mọ́tò wọn bá ti lọ, ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ní àrùn kògbóògùn, ó ti bá a nìyẹn. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ lọ gba oògùn nílé ìwòsàn ìlú wa, níbi tí nọ́ọ̀sì ti jẹ́ ọmọ àbúrò ẹni, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ sì ń gbé ẹ̀yìnkùlé ẹni. Òdìkejì odò ni wọ́n ń lọ, ní Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ìgboògùn. Àwọn ará òdìkejì náà ń sá fún ojúlùmọ̀ tiwọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá. Bàbá mi á kó tiwa lọ, á kó tiwọn bọ̀. Ẹ ò rí ayé? À ń sá pamọ́ fún ara wa, a wá lọ pàdé ara wa nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, orúnkún kan orúnkún.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ṣòfin kan: ní Ọjọ́bọ̀, a kì í kíra wa nínú ọkọ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o. Àwa tí a ń kí èèyàn kú ìjókòó, kú ìdúró, kú òjò, kú ọ̀gbẹlẹ̀! Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ kọjú síwájú, ó parí. Bí o bá sì pàdé ẹni yẹn lọ́jà lọ́jọ́ kejì, o ò rí i níbì kankan rí.

Èmi ò mọ èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi pé ọmọ ogún ọdún. Ọdún yẹn ni èjìká bàbá mi yẹ̀, ó wá nílò ẹni tí yóò máa bá a mú àjẹ̀ kejì. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kí a tó dé etí odò, ó dúró, ó ní, "Ohun tí o bá rí lójú omi, ojú omi ni kó wà." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún náà nìyẹn.

Èèyàn mọ́kànlá ló wọlé. Alápatà wà níbẹ̀. Aṣọ́bodè kan tó máa ń jágbe mọ́ gbogbo ayé wà níbẹ̀, ó bọ́ aṣọ ìjọba sílé, ó rí bí adìyẹ tí òjò pa. Àǹtí Télọ̀ náà wà níbẹ̀. Àǹtí Télọ̀ ló rán aṣọ ilé-ìwé mi àkọ́kọ́. Ó máa ń há píìnì sẹ́nu tó bá ń wọn aṣọ fún èèyàn, síbẹ̀ á tún máa sọ̀rọ̀: "Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ ọmọ yìí, àbí èèrùn wà nínú bàtà ẹ ni?" Ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà ti kú láti bí ọdún mélòó kan, kò sì bímọ. Ní ọjọ́ yẹn, ó kọjú síwájú bí àwọn yòókù. Kò wò mí.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló kàn báyìí, n ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ oníbúrẹ́dì. À ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ. Mo ní, "Mo rí nǹkan kan lójú omi, ṣùgbọ́n n ò lè sọ." Ta ló ń sọ irú ìyẹn tí kò ní sọ ọ́? Ó ní, "Sọ fún mi, èmi nìkan ṣá. Kí n kú bí mo bá sọ ọ́." Mo dárúkọ Àǹtí Télọ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì ò kú o. Ó wà láàyè di òní, ó tiẹ̀ sanra.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo ilé. Àwa tí a há gbogbo rẹ̀ sórí, àwa tí a gba ọṣẹ, àwa náà la lọ ń kó aṣọ wa tí kò tíì rán jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan rẹ yẹ̀rì ọmọ rẹ̀ sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òmíràn ní bóyá abẹ́rẹ́ ti gún Àǹtí Télọ̀ lọ́wọ́ kó tó fi rán ṣòkòtò ọkọ òun. Ó ká ṣòkòtò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ rẹ̀ ò rí i wọ̀ mọ́ láéláé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, èèyàn mẹ́rin péré ló wá sétí odò. Bàbá mi wo ọkọ̀, ó wò mí. "Ta lo sọ fún?" Mo jẹ́wọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ìbá ti gbá mi, ara ìbá tù mí. Ó kàn ti ọkọ̀ sómi. Kò súfèé lọ́jọ́ náà.

Àwọn yòókù padà wá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí dùn. Àǹtí Télọ̀ nìkan ni kò wá. Oṣù kan, kò wá. Oṣù kejì, kò wá. Bàbá mi ti rí àwọn tó dá oògùn dúró, ó ti tẹ̀lé àwọn ẹbí wọn dé itẹ́ òkú. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ilé Àǹtí Télọ̀. A bá a lórí ẹní. Ó ti gbẹ. Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni pé òkú ni. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Àǹtí Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n kú sínú ilé mi. Àrùn kọ́ ni mi ò lè fara dà, ojú àwọn èèyàn ni."

Bàbá mi ní, "Káàdì ilé ìwòsàn yín dà? Ọmọ yìí á máa bá yín gba oògùn."

Ó tọ́ka sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Bí mo ṣe di èrò Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì òdìkejì kọ́kọ́ bá mi wí títí, kó tó gbà pé kí n máa gbà á fún un títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ranlẹ̀. Bàbá mi ní n kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé bọ̀ wálé. Ojú títì ni kí n gbà, kí n gbé àpò funfun ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, àpò tí gbogbo ìlú mọ̀ tí gbogbo ìlú ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ẹnu fi yí padà. Háà! Ṣé ọmọ atukọ̀ ni! A jẹ́ pé Àǹtí Télọ̀ kàn sìn ín lọ ni níjọ́sí!

Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ wá sétí odò. "Adákẹ́, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ yín?"

"Ó ń lọ gba oògùn."

"Oògùn kí ni?"

"Hẹn-ẹn."

Àwọn oníbàárà Àǹtí Télọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mókun, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún ń dún. Ní tèmi, ọkùnrin kan ti ń fẹ́ mi sọ́nà nígbà náà, oníṣẹ́ irin tí gbogbo wa ń pè ní Wẹ́dà. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹbí ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ wò ó, Wẹ́dà tó ń fi iná jó irin láìwọ awò, tí kò bẹ̀rù kí ojú òun fọ́, òun ló wá ń bẹ̀rù èmi! Ó padà wá bẹ̀ mí lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Mo ní kó padà sídìí irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn gan-an, ó dùn mí dé egungun.

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Bàbá mi, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe tèmi."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìwọ náà sọ nídìí ẹ̀rọ omi."

Ìyá mi bá a jà. Ó ní ṣé ọmọ òun ló wá fẹ́ fi ra ẹlòmíràn padà ni? Mo rí bàbá mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà tó ń fi apá aṣọ nu ojú. Mo bínú sí i. Kí n má purọ́, mo bínú sí i fún oṣù púpọ̀. Síbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kan ò yẹ̀ mí. Bí n ò bá lọ, obìnrin yẹn á kú, èmi ni mo sì pa á.

Oṣù kẹjọ ni ìyá Wẹ́dà gbé aṣọ tuntun lọ bá Àǹtí Télọ̀, pé kó rán an fún òun. Ọmọ òun fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run ló yọ wá o, Àǹtí. Díẹ̀ ló kù ká kó àrùn wọlé lọ́dọ̀ ọmọ atukọ̀." Wọ́n ní Àǹtí Télọ̀ fa téèpù kúrò lára rẹ̀. Ó ká téèpù rẹ̀, ó ká aṣọ náà, ó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó wá sétí odò fúnra rẹ̀. Ojú títì ló gbà. Ó wé gèlè, ó kun àtíkè, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní, "Èmi ni mo ní kòkòrò HIV. Ọdún kẹfà rèé. Oògùn mi ni ọmọ yìí ń bá mi gbà láti oṣù mélòó kan, òun ò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ní aṣọ lọ́dọ̀ mi, ṣọ́ọ̀bù á ṣí lọ́la, kó wá kó o."

Alápatà yọjú láti inú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo na káàdì rẹ̀ sí i. "Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi ni mo sọ ọ́."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbé káàdì yín fún mi?"

Ó gba káàdì náà. "Ìwọ lo gbé ọ̀rọ̀ mi jáde. Mo ní kí ìwọ náà gbé e díẹ̀, kí o mọ bó ṣe wúwo."

Bàbá mi nawọ́ sí i, ó fà á wọnú ọkọ̀, èmi náà sì tẹ̀lé e wọlé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n sún, kí àgbà rí ibi jókòó.