Atẹ́gùn Inú Ẹ̀rọ Morọ́láolúwa

Ní nǹkan bí ọdún 2002, bí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni bá ti dákú ní Samaru ní Zaria, ṣọ́ọ̀bù Oyèbámijí ní Muchia ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Ará Ìsánlú ni bàbá rẹ̀, àmọ́ Tukur-Tukur ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá kú. Òun nìkan ló kù fún ìyá náà nínú àwọn ọmọ tó bí. Àwọn Hausa àdúgbò ń pè é ní Mai Kwamfuta, ìyẹn oníkọ̀ǹpútà, Yorùbá tirẹ̀ náà sì máa ń gbé Hausa dání: ó lè fi “Ẹ káàárọ̀” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó fi “to, shi ke nan”, ìyẹn “ó dáa, ó tán”, parí rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì tíì gbéyàwó. Bí ìyá rẹ̀ bá ti mẹ́nu kàn án, á ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè.

Oṣù Kẹta ni Morọ́láolúwa kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, nígbà tí ooru Zaria máa ń mú débi pé omi inú ìkòkò gan-an á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ Kàbà ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, ó sì ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ó gbá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àyà, òógùn ti bò ó.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Ẹ̀rọ mi yìí, tí mo bá ti lò ó díẹ̀, á kàn kú lójijì.”

“Ṣé kì í ṣe NEPA ló ń bá ọ ṣeré?”

“NEPA kọ́, sà. Ooru ni. Ohun tó ń fa ooru náà ni mi ò mọ̀.”

Oyèbámijí rẹ́rìn-ín, ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Eruku ọyẹ́ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, àwọn wáyà sì lọ́ mọ́ra wọn láàárín bí ìtàkùn. Fáànù kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn.

Ó yà sọ́dọ̀ Hájíyà tó ń ta turari ní ṣọ́ọ̀bù kejì, èyí tí àwọn obìnrin Hausa fi ń mú kí ilé àti aṣọ wọn máa ta sánsán. Ó tọrọ díẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó finá sí turari, ó sì gbé e síwájú fáànù. Èéfín fà wọlé. Ó gbé e sẹ́yìn, èéfín tún fà wọlé. Nínú ẹ̀rọ náà, gbogbo rẹ̀ wá ń pòòyì lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò rọ́nà jáde.

“Fáànù méjèèjì ló ń fẹ́ wọlé!” Morọ́láolúwa ló pariwo.

“Ẹni tó tò ó rò pé bí atẹ́gùn bá ṣe ń wọlé tó ni yóò ṣe tutù tó. Àfi kí a fún ooru lọ́nà àtijáde.”

Ó yí fáànù ẹ̀yìn padà kó lè máa fẹ́ síta. Ó kó àwọn wáyà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì wọ́n, ó sì ta aṣọ fẹ́lẹ́ sí iwájú nítorí eruku. Nígbà tó tún gbé turari síbẹ̀, èéfín wọ ìsàlẹ̀ iwájú lọ, ó gun orí ọpọlọ ẹ̀rọ kọjá, ó sì bá òkè ẹ̀yìn jáde wẹ́rẹ́ bí ẹni ń re ọjà. Ọmọbìnrin náà wò ó títí turari fi jó tán.

Kò pẹ́ tó tún padà wá, àmọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kò kú mọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ló gbé dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó fẹ́ fi omi tu kọ̀ǹpútà nínú.

“Omi?” Oyèbámijí gbé irin tó fi ń jó wáyà kalẹ̀. “Omi tí a ò rí mu ní Tukur-Tukur ni o fẹ́ dà sínú kọ̀ǹpútà?”

“Kò ní kan wáyà rárá. Inú páìpù ni yóò wà. Á gba orí ọpọlọ ẹ̀rọ kọjá, á ru ooru rẹ̀ jáde, fáànù á fẹ́ ẹ kó tutù níta, á sì tún padà wọlé. Mo ti yà á. Ẹni tó máa bá mi ṣe é ni mi ò ní.”

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Morọ́láolúwa ń yàwòrán, ó ń ṣe ìṣirò. Oyèbámijí ń gé bàbà, ó ń jó o pọ̀. Wọ́n tú páìpù bàbà lẹ́yìn firíìjì tó ti kú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè gbà níwájú fáànù. Wọ́n lọ sí PZ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ́n ra pọ́ńpù kékeré tó máa ń tu omi sí gíláàsì iwájú mọ́tò. Omi bátìrì tí kò ní ìdọ̀tí ni wọ́n lò, kí páìpù má baà dí. Lójú ọ̀nà PZ, wọ́n máa ń jẹ masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, nídìí ìyá kan, Morọ́láolúwa á máa sọ ìtàn ilé wọn, Oyèbámijí á máa gbọ́.

Kọ̀ǹpútà Oyèbámijí fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oríkèé kan tú níbi tí páìpù rọ́bà ti pàdé ti bàbà, omi dà sórí ẹ̀rọ, ó sì dákẹ́ pátápátá. Morọ́láolúwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bojú.

“Mo ti pa yín,” ó ní.

“Kọ̀ǹpútà mi lo pa. Èmi ṣì ń bẹ níbí. Dìde, kí a wo ibi tó ti tú.”

Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò kánjú. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí omi máa yí láìtan kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ́ bébà sábẹ́ gbogbo oríkèé, títí ó fi dá wọn lójú pé bébà náà gbẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tan án. Ó ṣiṣẹ́. Ooru ọ̀sán ń jó orí páànù, ẹ̀rọ náà kò sì kú. Morọ́láolúwa di ọwọ́ Oyèbámijí mú, ó gbé e lé páìpù tó ń jáde.

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àbí?” Ó sún ọwọ́ náà lọ sí èyí tó ń wọlé. “Ibí wá ńkọ́?”

“Ó tutù.”

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ mú ọwọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá kúrò ní ẹnu Morọ́láolúwa. Bámijí ló ń pè é.

Ó yege. Bayelsa ni ìjọba rán an lọ sìnrú ìlú. Ní gáréèjì, nígbà tí awakọ̀ ti ń pe èrò, Oyèbámijí ní, “Mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi.”

“Láti ọjọ́ turari ni mo ti ń retí kí o sọ ọ́,” ni ọmọbìnrin náà fèsì, ó sì wọlé sínú ọkọ̀.

Ó sìnrú ìlú tán, ó ríṣẹ́ sí Port Harcourt. Fóònù alágbèéká ti dé Zaria nígbà yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Morọ́láolúwa á pè. “Máa bọ̀, Bámijí. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù fún ọ. Kọ̀ǹpútà ń gbóná níbí náà.”

Oyèbámijí bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ó ti kó irinṣẹ́ sínú páálí nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú nídìí ààrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Apá ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ. Dókítà ní kí wọ́n má gbé e rìn jìnnà. Oyèbámijí tú páálí, ó tún ṣọ́ọ̀bù ṣí.

Morọ́láolúwa wá lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ó wẹ ìyá náà, ó di irun rẹ̀, ó fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mu. Ó wá iṣẹ́ títí dé Kaduna, kò rí. Nígbà tó ń padà lọ, kò béèrè ìgbà tí Oyèbámijí máa wá. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i.

Morọ́láolúwa dúró, ó dúró. Ìpè náà ń dínkù. Ní ọ̀sán kan, ó ní, “Bámijí, ẹnì kan ti lọ bá àwọn òbí mi.”

Oyèbámijí jókòó. “Ṣé èèyàn dáadáa ni?”

“Èèyàn dáadáa ni.”

“Ṣé ó máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

“Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Má dúró nítorí mi mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó dára fún ọ.”

Fóònù já. Ọ̀rọ̀ ti ń padà sẹ́nu ìyá díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, etí rẹ̀ kò sì fìgbà kan di. Ó na ọwọ́ òsì. “Lọ... lọ bá a.”

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n yí yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì,” Oyèbámijí ní, ó sì rọra yí i.

Ìyá náà tún lo ọdún díẹ̀ láyé. Ìsánlú ni wọ́n gbé e lọ sin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Oyèbámijí ń padà sí Zaria, ọkọ̀ dúró ní Kàbà kí àwọn èrò lè jẹun. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí. Owé, èdè àwọn ará Kàbà, ni àwọn obìnrin ń sọ ládùúgbò náà, èyí tí Morọ́láolúwa kì í sọ àfi tí inú bá ń bí i. Oyèbámijí gbé àwo ẹ̀wà dání, kò jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbóhùn sókè, á yíjú.

“Bọ̀dá, ta lẹ ń wá?” ni ẹlẹ́wà bi í.

“Mi ò wá ẹnì kankan, Mà.”

Awakọ̀ tẹ fèrè. Oyèbámijí dá àwo padà, ó dúpẹ́, ó sì wọ ọkọ̀.