Kí Lẹ Ń Kà, Bàbá Gúlù?

Ó fẹ́ gbé súẹ́tà rẹ̀ kúrò lórí tábìlì ni, ló bá rí abala ìwé tó yẹ kó ti wà nínú ìwé.

Bàbá Gúlù dúró gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ kan di súẹ́tà mú, èkejì wà lórí òkìtì bébà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú ewé kan kúrò nínú rẹ̀. Nílé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí ni irun orí rẹ̀ ti funfun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, nítorí gúlù kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé ohun tó ń wò fún un.

Ìwé kì í ṣe ewé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò jọ. Orí bébà fífẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ká bébà náà títí á fi di abala kan, abala mélòó kan ló sì ń di odidi ìwé. Bàbá Gúlù á to àwọn abala sórí tábìlì gígùn ní òkìtì òkìtì, á máa rìn láti ìkángun kan dé èkejì, á máa mú ẹyọ kan nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, á rán wọn pọ̀, á fi gúlù sí wọn lẹ́yìn, á fi aṣọ líle bò wọ́n. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í wo òkìtì mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a kà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní kó fọwọ́ di ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́, ooru mú un, ó bọ́ súẹ́tà, ó jù ú sórí ohun tó sún mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fo ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé tábìlì ṣófo níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀dà tó dì lọ́jọ́ náà ló di láìní abala yẹn.

Àwọn ẹ̀dà náà sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo ilé. Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Ìpàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ló dá ìpàdé náà sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ á dákẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ á jókòó sí yàrá gígùn, oníkálùkù á sì sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́ àti ohun tó rí sí i. Kí-Lò-Ń-Kà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn ọ̀gá. Wọ́n ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jáde níbẹ̀ láìfara pa: ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé, ka ewé méjì níbẹ̀rẹ̀, kí o wá sọ pé òǹkọ̀wé náà mọ èdè lò.

Nínú yàrá yẹn kan náà ni ọ̀gá ti ní kí Bàbá Gúlù dìde lójú gbogbo ènìyàn, nígbà tí Bàbá dorí èèpo ìwé kan kodò. Kò pariwo. Ọ̀gá kì í pariwo. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín," ló wí. "Àmọ́ ẹ̀rọ ìdìwé kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ tún ṣe irú èyí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ máa lọ sinmi nílé, ibi tí tábìlì yín wà ni màá gbé ẹ̀rọ sí."

Tábìlì. Bàbá Gúlù ò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa dùn ún. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Ó kó òkìtì náà sínú páálí tí wọ́n ń da ègé bébà sí, ó fi ègé bò ó mọ́lẹ̀, ó wọ súẹ́tà rẹ̀, ó sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání. Kò tíì ṣí i rí. Ó ti di ìwé tó kún ilé ìkàwé, kò sì ka ọ̀kan tán nínú wọn.

Ọ̀gá ti jókòó. Ó gbé ìwé náà lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ.

"Òní yàtọ̀," ló wí. "Ìwé kan náà ni gbogbo wa kà. Kí ó tó dọ́jà, mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ẹ ò ní rí nọ́ńbà lójú ewé torí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí mò ń kọ lọ́wọ́ kò tíì parí. Dírẹ́bà, ìwọ ni kí o bẹ̀rẹ̀."

"Ìwé yìí dùn, sà," ni dírẹ́bà wí. "Ó dùn débi pé mo gbàgbé láti pa iná mọ́tò."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" Ìyá Tíì ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń gbálẹ̀, tó sì ń po tíì fún wọn. "Ìwé wo lo ń kà nígbà yẹn tí bátìrì fi kú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Gúlù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ lábẹ́ súẹ́tà.

"Òǹkọ̀wé yìí mọ èdè lò," ni oníṣirò owó wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ti san gbèsè.

"Níbo ló wọ̀ ọ́ lára jù?" ni ọ̀gá bi í.

"Àárín, sà."

"Àárín. O ṣeun."

Bàbá Gúlù mí kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ láti àga dé àga nìyẹn, ìwé dùn, ìwé ní ẹ̀kọ́, ìwé yẹ fún àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tó dé ibi tí ewu wà. Ó ti ń rò ó pé òun ti bọ́, kí ó tó kan Gírámà.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á láti máa yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń dán an wò ni, ọ̀gá sì ti sọ fún un pé ohun tó bá sọ lónìí ni òun máa fi mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Ó ti ki bébà pélébé pélébé bọ inú ìwé tirẹ̀ títí ó fi dà bí ìyẹ́ adìyẹ.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, sà," ló wí. "Ó dáa gan-an títí dé ibì kan. Níbẹ̀ ló ti já."

"Já báwo?"

"Ẹ̀gbọ́n obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń jà lórí ilé bàbá wọn. Àbúrò búra pé òkú òun ni wọ́n máa gbé jáde níbẹ̀. Orí yẹn parí. A ṣí ewé, ilé ti di eérú, àbúrò ti wà lẹ́wọ̀n, ẹ̀gbọ́n wá ń lọ bá a níbẹ̀, ó ń sunkún pé kó dárí ji òun. Kí ni ẹ̀gbọ́n ṣe? Ta ló dáná sun ilé? Mo wá a, kò sí níbẹ̀."

Àwọn mìíràn ń ṣí ìwé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà.

Ọ̀gá náà ṣí tirẹ̀. Ó wo ewé kan, ó wo èkejì. Bàbá Gúlù rí ojú rẹ̀, ó sì rí i pé bí ibẹ̀ ṣe ya àwọn yòókù lẹ́nu ló ṣe ya ọ̀gá náà lẹ́nu. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀gá ti sọ ọ́ tán pé òun tún un ṣe, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀.

"Ìdákẹ́jẹ́ nìyẹn," ni ọ̀gá wí, ó sì pa ìwé dé. "Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ níbẹ̀ ni. Òǹkàwé tó bá dàgbà á fi ọkàn ara rẹ̀ dí i."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, sà!" ni oníṣirò wí. "Àárín tí mo wí nìyẹn."

"Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́, sà. Ihò ni." Ohùn Gírámà ò gbọ̀n. "Abala kan ló sọnù. Ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀yìn ẹ̀dà kan wò. Àmì dúdú wà níbi tí wọ́n ká abala kọ̀ọ̀kan sí. Tí ìwé bá pé, àwọn àmì náà á sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bàbá Gúlù ló fi hàn mí." Ó yíjú sí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ ṣe ń wo bàbá tó mọ̀ pé ó máa gbe òun. "Ẹ sọ fún wọn, Bàbá."

Òótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tí Gírámà kọ́kọ́ dé ló wá dúró tì í nídìí tábìlì, tó ń bi í ní ìbéèrè, tí inú Bàbá Gúlù sì dùn, torí kò sí ẹlòmíràn tó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí.

"Ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan ìwé mi," ni ọ̀gá wí. "Kò tiẹ̀ pọn dandan. Ẹni tó dì í ló jókòó yìí. Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín dì í. Ǹjẹ́ ó pé?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá Tíì gbé abọ́ ìtẹ́lẹ̀ ife dání láìmira. Bàbá Gúlù rí ojú Gírámà, ó rí ti ọ̀gá, ó tún rí tábìlì rẹ̀ lọ́kàn, ibi tí ìgúnpá rẹ̀ ti jẹ ihò sí ara igi láti ọdún wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí i lórí. Kò sí ẹni tó ní kó yára. Ó ní àyè láti yàn, ó sì yàn.

"Ó pé, sà."

Ẹ̀rín ojú Gírámà ò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà á gbọ́.

"Ẹ ti gbọ́," ni ọ̀gá wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tí kò mọ ìdákẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí àṣìṣe kò lè bá wa yẹ ìwé wò. Wá rí mi kí o tó lọ. Ìyá, ẹ gbé tíì wá."

Nígbà tó yá, Gírámà wá sí ìdí tábìlì, báàgì rẹ̀ ti wà léjìká. Ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ kalẹ̀ síwájú Bàbá Gúlù.

"Mi ò bínú sí àwọn yẹn," ló wí. "Wọn ò kà á. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ dì í."

"Ọmọ mi, ọwọ́ lásán ni tèmi. Mi ò kàwé."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọwọ́ yín ni mò ń bi."

Bàbá Gúlù gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ gúlù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó fẹ́ lẹ̀. "Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà àbáyọ. Á pèsè èyí tó sàn jù."

"Ẹ má kó Ọlọ́run sí i, Bàbá. Òun kọ́ ló ní kí ẹ sọ pé ó pé."

Ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ó rọra tì í, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, Bàbá Gúlù tú páálí. Ó yọ abala kan, ó fẹnu fẹ́ ègé bébà kúrò lára rẹ̀, ó jókòó, ó kà á. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó ń lọ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló dáná sun ilé. Àbúrò ni wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo ìdílé bóyá ó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Òǹkọ̀wé ò dákẹ́ rárá. Ó sọ ohun gbogbo, títí kan bí ọ̀fun obìnrin náà ṣe gbẹ kí ó tó dáhùn.

Bàbá Gúlù mú ọ̀bẹ. Ó tú ẹ̀dà tí Gírámà fi sílẹ̀, ó gé òwú, ó fi abala náà sí àyè rẹ̀. Àwọn àmì dúdú sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìfo ọ̀kan. Ó tún un rán, ó fi gúlù tuntun sí i, ó fi aṣọ tó dáa jù nínú ilé bò ó. Ó tún to àwọn bébà pélébé ọmọ náà padà síbi tí ó ti fi wọ́n sí. Iṣẹ́ tó dára ni. Kò sí ẹni tó máa wá gbà á. Kò mọ ilé ọmọ náà, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́, odidi ìwé náà dé láti ilé-iṣẹ́ ńlá tó fi ẹ̀rọ dì í, ó pé pérépéré, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ọ̀gá wà níwájú rẹ̀. Wọ́n pín in fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tún dé, ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n jókòó.

Bàbá Gúlù ń dúró. Ẹ̀dà tí gbogbo wọn gbé dání ti ní iná nínú, ó ti ní ẹ̀gbọ́n tó ń purọ́ lójú ìdílé. Ẹni tó bá ṣí i á rí i. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má fò dìde. Ẹ̀rù tún ń bà á kí gbogbo wọn má lọ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Mo tún un kà," ni oníṣirò wí. "Òǹkọ̀wé yìí mọ èdè lò."

"Àní ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn," ni ọ̀gá wí, ó ń fi ọwọ́ pa odidi ìwé lórí. "Nígbàkígbà tí mo bá débẹ̀, ó máa ń mú mi dúró."

Wọ́n mi orí. Ìyá Tíì ń gbé ife káàkiri.

"Bàbá Gúlù, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ń kà?"

Ìwé tí Bàbá Gúlù gbé lé orúnkún kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Èyí tó fọwọ́ tún dì ni, bébà pélébé sì yọrí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ta ló ni àwọn bébà náà.

"Èyí náà ni, sà. Mo kà á tán."

"Ẹ kà á tán!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù náà pàtẹ́wọ́. "Kí lẹ rí sí i?"

Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó ti ka bí ó ṣe máa ń gbẹ.

"Ó pé, sà."

"Ó pé," ni ọ̀gá wí, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn.